ÌGBÀPADÀ ÀKÓJỌ DÁTÀ LÁTI INÚ Ẹ̀DÀ ÌPAMỌ́ LÓRÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ŃLÁ IBM

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lé ọ̀nà tí à ń gbà gba àkójọ dátà padà nígbà tí ó bá sọnù tàbí tí ó bá bàjẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá, irú èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mainframe. Kọ̀ǹpútà ti ilé-iṣẹ́ IBM ni àyẹ̀wò náà gùn lé, nítorí pé òun ni ó gbilẹ̀ jù lọ nínú irú rẹ̀ ní àwọn ilé ìfowópamọ́, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò àti ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni IBM kéde System/360. Láti ara rẹ̀ ni ìran àwọn ẹ̀rọ tí ó ń lo z/OS lónìí ti ṣẹ̀, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àti àṣà tí iṣẹ́ yìí yóò mẹ́nu kàn sì ti wà láti ìgbà náà.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí, àti láàárín díẹ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é pàápàá, ni pé bí ẹ̀dà bá ti wà nípamọ́, ewu ti kúrò nílẹ̀. Èrò náà kò tọ̀nà. Kí ẹ̀dà wà, ọ̀rọ̀ kan ni. Kí ètò kọ̀ǹpútà mọ ibi tí ẹ̀dà náà wà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Kí ẹni tí ó ń béèrè sì mọ èwo nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ni ó yẹ kí ó béèrè, ọ̀tọ̀ gedegbe ni ìyẹn tún jẹ́. Ti ìkẹyìn yìí ni ó máa ń kó ènìyàn sí wàhálà jù lọ, lórí rẹ̀ sì ni àlàyé yóò ti gùn jù níhìn-ín.

2. Ohun tí àkójọ dátà jẹ́, àti bí ó ṣe ń sọnù

Lórí z/OS, ọ̀rọ̀ náà fáìlì kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́. Data set ni orúkọ tí IBM fún un, òun ni iṣẹ́ yìí sì ń pè ní àkójọ dátà. Ó lè jẹ́ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú owó-oṣù wọn. Ó lè jẹ́ ìṣirò àwọn oníbàárà báǹkì. Ó sì lè jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Orúkọ tí à ń fún un kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n lẹ́tà 44 lọ, pẹ̀lú àmì ìdánudúró tí ó ń ya abala kan kúrò lára èkejì, abala kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 8 lọ. Bí àpẹẹrẹ, OWOOSU.GBOGBO.AKOPO jẹ́ orúkọ tí ètò náà yóò gbà láìjiyàn. Orúkọ yìí ni àpẹẹrẹ tí ó wà níwájú yóò lò.

Ibi méjì ni ẹ̀rọ ti ń kọ́kọ́ wá àkójọ dátà. Èkíní ni kátálọ́ọ̀gì, èyí tí ó ń sọ dísìkì tí àkójọ dátà náà wà. Èkejì ni VTOC, ìyẹn àkọsílẹ̀ àkóónú tí ó wà lórí dísìkì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ń sọ ojú-ọ̀nà pàtó tí dátà náà gbé bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ẹni tí ó wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí ìlú ńlá yóò tètè mọ ìyàtọ̀ wọn: kátálọ́ọ̀gì ni ó ń sọ àdúgbò fún àlejò, VTOC ni ó ń sọ ojúlé.

Àfiwé yìí wúlò nígbà tí a bá bi ara wa pé kí ni pípa àkójọ dátà rẹ́ túmọ̀ sí. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fi àṣẹ DELETE pa á rẹ́, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé orúkọ rẹ̀ yóò kúrò nínú kátálọ́ọ̀gì àti nínú VTOC. Ilé kò tíì wó. Nọ́ḿbà ojúlé ni wọ́n yọ. Dátà náà ṣì wà lójú-ọ̀nà rẹ̀ lórí dísìkì títí di ìgbà tí ètò náà bá fi ààyè yẹn fún ẹlòmíràn, àfi bí wọ́n bá ti pa á láṣẹ tẹ́lẹ̀ pé kí ó nu ojú-ọ̀nà náà mọ́ pẹ̀lú. Nítorí èyí, àwọn kan a máa sọ pé ìrètí ṣì wà láti kà á jáde tààrà láti orí dísìkì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrètí tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Lórí ẹ̀rọ tí ọwọ́ rẹ̀ dí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó kí ẹlòmíràn gba ààyè náà. Kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ kankan fi irú ìrètí bẹ́ẹ̀ ṣe ètò.

Pípa rẹ́ nìkan kọ́ ni ọ̀nà tí àkójọ dátà ń gbà sọnù. Ètò kọ̀ǹpútà lè ṣí i fún kíkọ láti òkè nígbà tí ó yẹ kí ó fi tuntun kún ìsàlẹ̀. Orúkọ yóò wà, kátálọ́ọ̀gì yóò dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti di òmíràn. Àkójọ dátà alábala, èyí tí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń gbé inú rẹ̀, lè bàjẹ́ bí ẹ̀rọ bá dúró lójijì nígbà tí wọ́n ń fún àwọn abala rẹ̀ pọ̀ láti rí ààyè. Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni èyí tí kò pariwo: ètò kọ̀ǹpútà tí àṣìṣe wọ inú rẹ̀, tí ó ń kọ nọ́ḿbà tí kò tọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí ohun gbogbo sì dà bí ẹni pé ó ń lọ déédéé. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù mọ̀ pé ó sọnù. Ẹni tí tirẹ̀ ń jẹrà láti inú kò mọ̀, ẹ̀dà tí ó sì ń dá pamọ́ lóru jẹ́ ẹ̀dà ìjẹrà náà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá a máa ní dísìkì méjì tí ó jọ ara wọn bí ìbejì, tí ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sí èkíní yóò lọ sí èkejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà mìíràn ní ìlú mìíràn pàápàá. Ètò yìí dára fún iná tàbí omíyalé. Kò wúlò rárá fún irú àdánù tí iṣẹ́ yìí ń sọ, nítorí pé bí wọ́n bá pa àkójọ dátà rẹ́ lórí èkíní, ó ti parẹ́ lórí èkejì náà kí ẹni tí ó pa á rẹ́ tó gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnì.

3. Ìpèpadà yàtọ̀ sí ìgbàpadà

Ní ọdún 1978 ni IBM gbé ètò kan jáde fún MVS tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HSM. Nígbà tí ó yá, ó di ọ̀kan lára DFSMS, wọ́n sì ń pè é ní DFSMShsm. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ju owó lọ: dísìkì wọ́n, téèpù kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àkójọ dátà wà lórí dísìkì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Iṣẹ́ HSM ni láti ṣí irú àwọn bẹ́ẹ̀ nípò kúrò lórí dísìkì ọ̀wọ́n lọ sí ibi tí kò wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ó tún ń dá ẹ̀dà pamọ́.

Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ máa ń pò pọ̀. Nígbà tí HSM bá ṣí àkójọ dátà nípò, kì í ṣe ẹ̀dà ni ó gbé lọ, ojúlówó ni. Kátálọ́ọ̀gì yóò wá kọ MIGRAT sí ibi tí ó yẹ kí orúkọ dísìkì wà. Lọ́jọ́ tí ètò kọ̀ǹpútà kan bá bèèrè fún un, HSM yóò pè é padà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Oníṣẹ́ náà yóò kàn dúró díẹ̀ ni. Ìpèpadà nìyí, HRECALL sì ni àṣẹ rẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ dúró di ìgbà tí ètò bá bèèrè.

Ìgbàpadà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ni ó wà nípamọ́, ojúlówó ni ó sọnù, ẹ̀rọ kò sì ní gba ẹ̀dà náà padà bí ènìyàn kò bá pàṣẹ. Bí a bá pa àkójọ dátà tí wọ́n ti ṣí nípò rẹ́, kò sí ohun tí ó kù láti pè padà. Ẹni tí ó bá ń tẹ HRECALL níbẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀ ni. HRECOVER ni ó yẹ kí ó tẹ̀, bí ẹ̀dà ìpamọ́ bá wà.

Ṣé ẹ̀dà wà? Lára VTOC ni ìdáhùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmì kékeré kan wà nínú àkọsílẹ̀ àkójọ dátà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ tí ètò náà máa ń tàn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí àkójọ dátà náà láti kọ nǹkan sí i. Lálẹ́, HSM yóò wo àmì yìí. Èyí tí àmì rẹ̀ bá tàn ni yóò dá ẹ̀dà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò pa àmì náà. Èyí tí àmì rẹ̀ kò bá tàn kò yí padà, ẹ̀dà tí ó wà nílẹ̀ sì tó fún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró di alẹ́ lè tẹ HBACKDS.

Nǹkan méjì ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn níbí. Èkíní ni pé ohun tí wọ́n dá ní òwúrọ̀ tí wọ́n sì pa rẹ́ ní ọ̀sán kò ní ẹ̀dà kankan, nítorí alẹ́ kò bá a láyé. Èkejì ni pé àkójọ dátà tí ètò kan ṣí sílẹ̀ tí ó sì ń kọ nǹkan sí ní àkókò tí HSM ń kọjá lè má ní ẹ̀dà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ òru yóò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti kà á ní òwúrọ̀. Kíkà yìí ni ọ̀pọ̀ yàrá kọ̀ǹpútà ń fojú tín-ín-rín.

4. Ìran àti nọ́ḿbà

Kí kọ̀ǹpútà tó ní HSM ni àwọn atọ́jú-téèpù ti ní àṣà kan: téèpù òní ni ọmọ, ti àná ni bàbá, ti ìjẹta ni bàbá-bàbá. Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ tuntun, téèpù bàbá-bàbá yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. (Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í fi bàbá-bàbá ṣòfò báyìí, ṣùgbọ́n téèpù ṣọ̀wọ́n nígbà náà.) Láti inú àṣà yìí ni ọ̀rọ̀ ìran ti wọ inú èdè iṣẹ́ náà, kò sì tíì kúrò.

HSM ń ka ẹ̀dà lọ́nà méjì. Ọ̀nà kíní ni GENERATION, ìran: ẹ̀dà tí ó tuntun jù ni 0, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ni 1, èyí tí ó tún ṣáájú ni 2. Ọ̀nà kejì ni VERSION, nọ́ḿbà tí wọ́n fún ẹ̀dà lọ́jọ́ tí wọ́n dá a, tí kì í yí padà. Ìran ń yí padà lójoojúmọ́: èyí tí ó jẹ́ 0 lónìí yóò di 1 lọ́la bí wọ́n bá dá òmíràn. Nọ́ḿbà ẹ̀dà dà bí orúkọ àbísọ. Ìran dà bí kí a sọ pé «àbígbẹ̀yìn». Ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí lè má jẹ́ ẹni náà mọ́ ní ọdún tí ń bọ̀.

Kí a gbé e yẹ̀ wò bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kí a sọ pé OWOOSU.GBOGBO.AKOPO ni ìwé owó-oṣù ilé-iṣẹ́ kan, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ nǹkan sí i, pé HSM ń dá ẹ̀dà rẹ̀ ní aago 11 alẹ́, àti pé ẹ̀dà 4 ni ìlànà ilé-iṣẹ́ náà gbà kí ó wà nípamọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ètò náà dá ẹ̀dà 041. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà tuntun sẹ́nu iṣẹ́, àṣìṣe sì wà nínú rẹ̀: ó ń yọ owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ àwọn kan. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀dà 042, ti Ọjọ́rú ni 043, ti Ọjọ́bọ̀ ni 044. Ní aago 2 ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni akọ̀wé kan ṣàkíyèsí pé nọ́ḿbà kò bára mu.

Ẹ̀dà mélòó ni ó wà nílẹ̀ ní aago 2 yẹn? Mẹ́rin. Mélòó nínú wọn ni ó mọ́? Ọ̀kan ṣoṣo, 041, tí ìran rẹ̀ jẹ́ 3. Ìgbà wo ni yóò parẹ́? Ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan náà, nígbà tí HSM bá dá 045, tí ó sì di dandan fún un láti ju èyí tí ó pẹ́ jù nù. Wákàtí 9 péré ni ó kù. Ètò náà kò mọ̀ pé ọ̀kan mọ́ àti pé mẹ́ta ti bàjẹ́. Òǹkà ni ó mọ̀.

Bí ìpàdé bá pẹ́ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n gba ẹ̀dà ọjọ́ Ajé padà, tí òṣìṣẹ́ kan sì lo ìwé àṣẹ tí ó ti kọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí GENERATION(3) wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kò ní kọ̀. Yóò gbé ẹ̀dà kan wá fún un láìsí ariwo: ẹ̀dà 042, ti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èyí tí owó-orí ẹ̀ẹ̀mejì ti wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà yóò parí pẹ̀lú àmì àṣeyọrí. Ibi tí ewu náà ti jinlẹ̀ nìyí: ẹ̀rọ kò purọ́, òṣìṣẹ́ kò tẹ àṣẹ ní àṣìṣe, síbẹ̀ ohun tí ó wà lórí dísìkì kì í ṣe ohun tí wọ́n rò. Bí ó bá jẹ́ VERSION(041) ni ó kọ, ẹ̀rọ yóò sọ fún un pé kò sí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìròyìn burúkú ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣe ní aago 2 yẹn ni kí ó wo ohun tí ó wà nílẹ̀:

HLIST DATASETNAME('OWOOSU.GBOGBO.AKOPO') BCDS TERMINAL

Àṣẹ yìí yóò to àwọn ẹ̀dà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, aago, ìran àti nọ́ḿbà. Kí ẹni tí ó bá ń wo orúkọ tí HSM fún ẹ̀dà fúnra rẹ̀ ṣọ́ra, nítorí pé aago tí ó wà nínú orúkọ yẹn yí padà sẹ́yìn: ìṣẹ́jú-àáyá ni ó ṣáájú, ìṣẹ́jú ni ó tẹ̀ lé e, wákàtí ni ó gbẹ̀yìn. T301502 kì í ṣe aago kankan tí ó súnmọ́ 30. Aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó gba ẹ̀dà tí ó mọ́ padà sí abẹ́ orúkọ mìíràn:

HRECOVER 'OWOOSU.GBOGBO.AKOPO' VERSION(041) NEWNAME('OWOOSU.GBOGBO.IDANWO')

Orúkọ tuntun yìí ni ó gba 041 lọ́wọ́ aago 11 alẹ́. Ohun tí ó ti di àkójọ dátà tirẹ̀ lórí dísìkì ti bọ́ kúrò nínú òǹkà ìran. Ìpàdé lè wá pẹ́ bí ó bá ti wù ú.

Bí àkójọ dátà bá ṣì wà lórúkọ rẹ̀, HSM kò ní gba ẹ̀dà padà lé e lórí láìjẹ́ pé a kọ REPLACE. Ààbò ni wọ́n fi ṣe, àmọ́ ojú ìdíwọ́ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń wò ó, wọn a sì tètè fi REPLACE kún un kí iṣẹ́ lè yá. Ó yẹ kí wọ́n rántí pé àkójọ dátà tí ó bàjẹ́ náà níye lórí. Ohun tí wọ́n kọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kò sí nínú ẹ̀dà kankan. Inú rẹ̀ nìkan ni ó wà. Òun náà ni ẹ̀rí tí ó lè fi ibi tí àṣìṣe gbà wọlé hàn. Ẹni tí ó bá fi REPLACE tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti pa ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀dà ọjọ́ Ajé tí ó mọ́ yìí kò mọ ohunkóhun nípa ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ẹtì. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà ní Ọjọ́rú kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ̀yìn tì ní Ọjọ́bọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Láti mú un dé òní, wọ́n ní láti tún àwọn iṣẹ́ ojoojúmọ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tún ṣe, ìyẹn bí wọ́n bá tọ́jú ìwé ìdúnàádúrà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí z/OS ń gbà tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni GDG, ìdílé àkójọ dátà tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú nọ́ḿbà, bí G0101V00. A tún lè pè wọ́n ní ìran: 0 ni tuntun jù, -1 ni ti àná, -2 ni ti ìjẹta. Ẹni tí ó bá fojú sílẹ̀ yóò rí i pé GDG ń fi àmì ìyọkúrò ka àtẹ̀yìnwá, HSM kò sì fi í kà á. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì.

Ìlànà pé ẹ̀dà mélòó ni ó yẹ kí ó wà nípamọ́ wà lọ́wọ́ olùtọ́jú ìpamọ́. Iye kan wà fún àkójọ dátà tí ó ṣì wà láyé, òmíràn wà fún èyí tí wọ́n ti pa rẹ́, gbèdéke ọjọ́ náà sì wà. Ó wọ́pọ̀ kí ti èyí tí ó ti parẹ́ kéré sí ti èyí tí ó wà láyé, èyí tí ó dà bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu títí di ọjọ́ tí wọ́n bá pa nǹkan rẹ́ ní àṣìṣe. Àwọn oníṣirò owó tí wọ́n ni dátà náà kì í sábà mọ̀ pé iye kan wà níbì kan tí a ń pè ní 2 tàbí 4, tí ó dúró láàárín wọn àti àdánù.

5. Bí ìwé tí ó mọ̀nà bá sọnù

Gbogbo ohun tí a ti sọ gbà pé HSM mọ ibi tí ẹ̀dà wà. Inú àkójọ dátà ìṣàkóso kan tí ń jẹ́ BCDS ni ó ń kọ ìmọ̀ náà sí. Ti ìṣípò wà nínú MCDS, ti téèpù sì wà nínú OCDS. Bí BCDS bá bàjẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún téèpù lè wà ní pẹpẹ wọn láìní àléébù kankan, síbẹ̀ kí wọ́n dà bí ilé ìkàwé tí wọ́n jó ìwé atọ́ka rẹ̀ níná. Katirí́ìjì 3480 tí IBM gbé jáde ní ọdún 1984 gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 200. Ti òde òní gba ìlọ́po púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dà tí ó sì wà lórí ẹyọ kan lè jẹ́ ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún àkójọ dátà tí kò bára tan. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ wá ọ̀kan nínú wọn.

HSM fúnra rẹ̀ ń dá ẹ̀dà àwọn ìwé ìṣàkóso yìí, ó sì ń kọ gbogbo àyípadà tí ó bá bá wọn sínú ìwé mìíràn tí wọ́n ń pè ní journal, bí wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀. Bí BCDS bá bàjẹ́ ní ọ̀sán, wọn yóò gba ẹ̀dà rẹ̀ ti òwúrọ̀ padà, wọn yóò sì fi àṣẹ UPDATEC da àwọn àyípadà tí journal ti kọ sílẹ̀ lé e lórí, títí yóò fi dé ibi tí ó dé kí ó tó bàjẹ́. Ọgbọ́n kan náà ni èyí pẹ̀lú ti owó-oṣù tí a ti sọ: ẹ̀dà àtijọ́ pẹ̀lú ìròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ fún àwọn olùtọ́jú pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí journal àti BCDS wà lórí dísìkì kan náà. Ìmọ̀ràn yìí rọrùn láti gbà, ó sì rọrùn láti gbàgbé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó nǹkan láti dísìkì kan sí òmíràn.

6. Ẹ̀dà odidi dísìkì, àti ohun tí ó ń so nǹkan pọ̀

Yàtọ̀ sí HSM, ètò ADRDSSU wà tí ó lè dá ẹ̀dà odidi dísìkì lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì lè yọ àkójọ dátà kan ṣoṣo jáde nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ó yá láti fi gba odidi ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́yìn iná. Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé dísìkì ń padà sí ipò tí ó wà ní ọjọ́ tí wọ́n dá ẹ̀dà rẹ̀, nígbà tí kátálọ́ọ̀gì wà lórí dísìkì mìíràn tí ó ti ń bá tirẹ̀ lọ. Ojúlé yóò wà tí àdúgbò kò mọ̀, àdúgbò yóò sì máa júwe ojúlé tí kò sí mọ́. Ìtúnṣe rẹ̀ ṣeé ṣe. Ó ń gba àkókò, ní ọjọ́ tí kò sí àkókò.

Ìṣòro kí nǹkan àtijọ́ àti nǹkan tuntun má bára mu yìí kò mọ sórí dátà nìkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, ìjàǹbá ńlá bá àwọn báǹkì tí ó wà lábẹ́ Royal Bank of Scotland, lára wọn NatWest àti Ulster Bank. Wọ́n ti fi ẹ̀yà tuntun ètò tí ń darí iṣẹ́ òru sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rí i pé ó ní ìṣòro. Wọ́n sì pinnu láti yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ìpinnu láti padà sẹ́yìn yìí ni ó ba nǹkan jẹ́, nítorí pé wọn kò dán an wò, ti tẹ́lẹ̀ kò sì bá ohun tí ó wà nílẹ̀ mu mọ́. Iṣẹ́ òru di rúdurùdu. Oníbàárà tí ó lé ní mílíọ̀nù 6.5 ni ó kàn ní ilẹ̀ Bìrìtìkó. Àwọn kan kò rí owó-oṣù wọn, àwọn mìíràn kò lè san owó ilé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, àwọn aláṣẹ méjì tí ń ṣàkóso ìnáwó níbẹ̀, FCA àti PRA, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 56 pọ́n-ùn lé báǹkì náà lórí: FCA gba mílíọ̀nù 42, PRA gba mílíọ̀nù 14. Kì í ṣe pé ohun tí wọ́n fẹ́ padà sí kò sí nípamọ́. Ó wà.

Fún ìdí yìí ni DFSMShsm fi ní apá kan tí ń jẹ́ ABARS, tí ó ń dá ẹ̀dà gbogbo àkójọ dátà tí iṣẹ́ kan ń lò papọ̀ bí ìdì kan, kí wọ́n lè gba gbogbo wọn padà lẹ́ẹ̀kan sórí ẹ̀rọ mìíràn, ní ìlú mìíràn bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó to orúkọ wọn sínú ìdì náà ni ó ń pinnu bóyá ìdì yóò pé. Bí ó bá gbàgbé ọ̀kan, ìgbàpadà yóò parí láìsí àṣìṣe, iṣẹ́ náà kò sì ní ṣiṣẹ́.

Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, IBM tún fi ohun kan tí ń jẹ́ Safeguarded Copy kún dísìkì DS8000, nítorí àwọn olè orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ti dátà mọ́lé kí wọ́n tó gba owó. Ó lè tọ́jú ẹ̀dà dísìkì kan tó 500, ní ibi tí ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kò lè dé tààrà. Wàhálà ọjọ́ Ẹtì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, pé ẹ̀dà tí ó mọ́ yóò bọ́ kúrò nínú òǹkà lálẹ́, dín kù gan-an níbẹ̀. Èyí tí ó kù ni wíwá èyí tí ó mọ́ náà. Ẹnìkan ní láti gba ọ̀kan padà sórí dísìkì tí ó yà sọ́tọ̀, kí ó ka àkójọ dátà tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó fi àròpọ̀ owó inú rẹ̀ wé àròpọ̀ tí àwọn oníṣirò fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà. Bí kò bá bára mu, kí ó padà sẹ́yìn ní wákàtí mélòó kan, kí ó gbé òmíràn wá. Àròpọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn kò sí nínú dísìkì kankan ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Orí bébà ni ó wà, nínú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé kan.